Ṣé kí n san nenkin àti hoken ní Japan, àbí kí n ju ìwé wọn nù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Japan, ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Oṣù kẹrin 2025 ni mo dé. Ilé ẹ̀kọ́ èdè ni mo wà, mo sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 28 lọ́sẹ̀ nílé oúnjẹ kan. Wọ́n ti fi ìwé méjì ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan ní kí n san owó hoken ìlera, ìyẹn adójútòfò ìtọ́jú àìsàn, èkejì ní nenkin, owó ìfẹ̀yìntì ìjọba wọn, 17,510 yen lóṣooṣù. Owó ilé àti owó ilé ẹ̀kọ́ ló ń kó gbogbo ohun tí mò ń rí lọ. Ẹni tí a jọ ń gbé ní kí n ju ìwé nenkin sínú ìdọ̀tí, pé owó àwọn arúgbó Japan ni, kò kan àlejò. Ẹlòmíì ní bí mi ò bá san án, físà mi á bàjẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Àbúrò, má ju ìwé kankan nù. Hoken ìlera, san án. Nenkin, bí agbára rẹ kò bá ká a, má febi pa ara rẹ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbéra, lọ bá wọn, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbára rẹ kò ká a. Ẹni tí kò san tó dákẹ́, àti ẹni tí kò san tó kọ̀wé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú òfin ilẹ̀ yìí. Láti 2013 ni mo ti wà níbí, ní Saitama. Mo ti ṣe ti àkọ́kọ́, mo ti ṣe ti ìkejì, mi ò sì lè rí ìbéèrè rẹ kí n kọjá lọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ òfin rẹ̀ ká lè mọ ohun tá à ń jiyàn lé lórí. Ẹnikẹ́ni tí físà rẹ̀ bá ju oṣù mẹ́ta lọ, tó sì ti forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, dandan ni kó wọ hoken ìlera. Oṣù keje 2012 ni wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta, ọdún kan ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ilé iṣẹ́ gbà síṣẹ́ gidi, inú shakai hoken ló ń lọ: ọ̀gá san ìdajì, òṣìṣẹ́ san ìdajì. Àwa yòókù, akẹ́kọ̀ọ́, olówò ara ẹni, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kokuho ni tiwa, ọ́fíìsì ìjọba ìlú tá à ń gbé ló ń gba owó rẹ̀. Nenkin ní tirẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ti pé ọmọ ogún ọdún tí kò tíì pé ọgọ́ta, tó bá ti ń gbé nílẹ̀ yìí. Wọn kì í béèrè ibi tí wọ́n ti bí ọ.

Ọ̀rọ̀ "kò kan àlejò" yẹn ti parí láti 1982. Màá padà síbẹ̀.

* * *

Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó ti fèsì báyìí pé ara àwọn le, pé láti ìgbà táwọn ti dé, àwọn kò tíì mọ ẹnu ọ̀nà ọsibítù, kí àbúrò wa kúkú máa fi owó hoken ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń rántí ilé, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Èmi náà le koko ní 2019. Aago méjì òru ni nǹkan kan fún mi lábẹ́ ìhà ọ̀tún, bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ tútù. Mo dọ̀bálẹ̀, kò gbà. Mo jókòó, kò gbà. Ilẹ̀ mọ́ mi lórí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, níbi tí tútù ti ń ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Òkúta ló wà nínú àpò òróòro mi, wọ́n sì ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ká ní owó irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan yen. Ẹni tí kò ní hoken á san gbogbo rẹ̀, ọsibítù mìíràn á tiẹ̀ fi nǹkan lé e, torí òfin tó de iye owó ìtọ́jú kò de ti ẹni tí kò ní hoken. Ẹni tó ní hoken, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀, ìyẹn 300,000. Kò tíì tán. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní kōgaku ryōyōhi, tó fi ààlà sí ohun tí èèyàn lè san láàárín oṣù kan. Bó ṣe wà ní 2025, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì á san 80,100 yen, wọ́n á wá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí owó ìtọ́jú náà fi ju 267,000 lọ lé e. Lórí mílíọ̀nù kan, 87,430 yen ló ń já sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó orí ìlú kò kàn, 35,400 ni ààlà tirẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: láti ọjọ́ kìíní oṣù sí ọjọ́ tó parí oṣù ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá gbà ọ́ wọlé lọ́jọ́ 28 tí o jáde lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀ lé e, ààlà méjì lo máa san dé. Bí àìsàn náà bá lè dúró, bẹ dókítà kó sún un sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Nọ́ọ̀sì kan ló ta mí lólobó, ọjọ́ kejì oṣù ni wọ́n sì ṣe tèmi.

Ẹni tó ní òun á wọ hoken lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ka owó náà sẹ́yìn láti ọjọ́ tó yẹ kó ti wọlé, ó lè tó ọdún méjì. Ìtọ́jú tó ti gbà kó tó forúkọ sílẹ̀ ńkọ́? Òun náà ni yóò dá gbogbo rẹ̀ san.

Owó kokuho ọdún àkọ́kọ́ kì í sì í wọ́n, torí owó tí o rí ní Japan lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ìwọ kò sì rí nǹkan kan níbí lọ́dún tó kọjá. Ìdá 70, ìdá 50 tàbí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń yọ nínú apá kan owó náà fún ilé tí owó tó ń wọlé kò pọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣubú rèé: wọn kì í yọ ọ́ fún ẹni tí kò sọ iye tí òun rí. Òdo náà, kíkọ là ń kọ ọ́. Ẹni tí kò kọ òdo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbà pé ó ń fi nǹkan pamọ́ ni.

* * *

Ó kàn mí láti sọ ti àpò ìwé.

Ọdún tí mo dé, àpò ìwé nenkin ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Búlúù ló kọ́kọ́ wá. Mi ò lè ka kanji, lẹ́tà Japan, tó wà nínú rẹ̀, mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ kíṣíìnì pẹ̀lú ìwé ìpolówó píìsà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó di yẹ́lò. Nígbà tí pupa dé, mo mú un lọ han ìyá àgbà Japan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Ó wò ó, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé ká máa lọ, báyìí báyìí.

Ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú, mo gba nọ́ńbà, mo jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí, torí nílé wa, bí ìjọba bá fi ìwé pupa pè ọ́, kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ fún ọ jẹ. Obìnrin tó wà ní káńtà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó fi pẹ́ńsù yí ibi tí mo máa kọ orúkọ sí po, ó yí ibi tí mo máa kọ déètì sí po, lẹ́yìn náà ó yí ojú ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi kí n lè rí i. Òdo ló wà níbẹ̀. Menjo ni ó pè é. Ìdásílẹ̀ pátápátá, fún gbogbo oṣù tí mo ti fi ìbẹ̀rù dákẹ́ lé lórí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo dákẹ́.

Menjo yẹn ní ìpele mẹ́rin: gbogbo rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin. Owó tí o rí lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n ń wò, bí o bá sì ní ọkọ tàbí aya, wọ́n á wo tirẹ̀ náà. Ẹni tí kò tíì pé 50 tí wọn kò fún ní menjo lè béèrè kí wọ́n sún un síwájú fún òun. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, gakusei nōfu tokurei, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba nìkan ni. Ilé ẹ̀kọ́ èdè mìíràn wà níbẹ̀, òmíràn kò sí. Àbúrò, bi ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ rẹ kí o tó lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, menjo gbogboogbò ni kí o béèrè, ó tilẹ̀ sàn jù fún ọ. Wàá rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa tó fèsì láti Nagoya, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko yín. Ẹ ní ogún ọdún rèé tẹ́ ẹ ti wà níbí tẹ́ ẹ ò sanwó nenkin rí, kò sì sóhun tó ṣe yín, pé owó àwọn arúgbó wọn là ń san, pé nígbà tó bá fi máa kàn wá, owó á ti tán.

Òótọ́ ni pé owó tá a san lónìí ni wọ́n ń fún arúgbó òde òní. Kò dà bíi ti ilé wa, níbi tó jẹ́ pé láti òfin 2004, owó oníkálùkù ń lọ sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, ìdá 10 láti ọwọ́ ọ̀gá bí òfin 2014 ṣe wí. Nílé, o lè ní "èló ló wà nínú tèmi?" Níbí, oṣù ni wọ́n ń kà fún ọ, kì í ṣe owó. Èyí ló ń dàrú mọ́ wa lójú. A ń wá owó wa, a ò rí i, a wá gbà pé wọ́n ti jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká lo iye 2025. Oṣù 480, ìyẹn ogójì ọdún, ni owó pípé, ó jẹ́ 831,700 yen lọ́dún. Ẹni tó san ọdún mẹ́wàá péré ti san 2,101,200. Láti ìgbà tó bá pé ọmọ 65, wọ́n á máa fún un ní ìdá mẹ́rin owó pípé, 207,925 lọ́dún, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ni owó tó san yóò fi padà sọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó bá kọjá ìyẹn, èrè ni. Kò pọ̀. Kò lè bọ́ èèyàn ní Tokyo. Ṣùgbọ́n ìdajì owó yẹn, àpò ìjọba ló ti ń wá, owó orí tí ẹ̀yin náà ń san nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń san ìdajì yẹn fún ogún ọdún, ẹ kàn kọ̀ láti gba tiyín ni.

Òun ló fà á tí oṣù menjo pátápátá fi ń jẹ́ ìdajì oṣù nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò, láti oṣù kẹrin 2009. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ pátápátá fún ọdún mẹ́wàá, tí kò san kọ́bọ̀, á gba nǹkan bíi 103,900 lọ́dún. Ti akẹ́kọ̀ọ́ kì í mú owó kankan wá, oṣù nìkan ló ń fún ọ, àyàfi tí o bá padà san án láàárín ọdún mẹ́wàá. Ìdí tí mo fi ní menjo sàn jù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ọjọ́ ti lọ fún àwọn. Kò tíì lọ. Láti oṣù kẹjọ 2017, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó lè gba owó arúgbó. Ọdún 25 ni tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gba eijū, ìyẹn físà onílé, àwọn ọdún tẹ́ ẹ fi gbé òkè òkun láti ọmọ 20 títí di 60 ń wọ inú ọdún mẹ́wàá yẹn. Wọn kò ní fi kún owó, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ wa ni kò gbọ́ èyí rí. Lẹ́yìn 60 pàápàá, ẹ lè máa fi ìfẹ́ ara yín san án títí di 65. Ẹni tó bá ń san án lè fi 400 yen kún un lóṣooṣù. Fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó san 400 yẹn, wọ́n á fi 200 yen kún owó ọdọọdún rẹ̀ títí láé. Ọdún méjì lówó ọ̀hún fi ń padà.

* * *

Ṣùgbọ́n owó arúgbó kọ́ ló jẹ́ kí n máa kọ gbogbo èyí.

A ní ọ̀rẹ́ kan tó ń tú mọ́tò àlòkù tà, ọmọ Èkìtì, ọkùnrin tó lè fi apá rẹ̀ méjèèjì gbé ẹ́ńjìnnì kékeré. Ó ń san hoken ìlera dáadáa, torí ó ní ọmọ. Nenkin ni kò gbà gbọ́. Ọdún mẹ́rin, kò san, kò sì béèrè menjo. Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìtọ́jú yẹn ń lọ sí bíi 400,000 yen lóṣù. Nítorí hoken, 10,000 yen lóṣù ni ààlà tirẹ̀. Hoken ló mú un wà láàyè, mo fi ojú mi rí i.

Òun àti èmi la jọ lọ béèrè shōgai nenkin, owó tí wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn sábà máa ń wọ ìpele kejì, ìpele kejì sì jẹ́ owó pípé, 831,700 lọ́dún ní iye 2025, kì í ṣe ìdá mẹ́rin, ì báà jẹ́ ọdún méjì ló ti san. Akọ̀wé náà béèrè ohun kan ṣoṣo: ọjọ́ wo ni dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí àìsàn yìí? A fún un ní déètì náà. Ó fa ìlà sórí ìwé, ó kọ oṣù tẹ̀ léra wọn, ó ń fi ẹnu pẹ́ńsù kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdá méjì nínú mẹ́ta oṣù tó ṣáájú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó san tàbí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọdún kan tó gbẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ní àlàfo. Tirẹ̀ jẹ́ àlàfo láti òkè délẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa fa owó yọ. Ó kó o wá, ó wà nínú báàgì ọmọ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ san gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé náà gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó tẹ orí ba, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó ṣàlàyé fún wa pé owó tí wọ́n bá san lẹ́yìn ọjọ́ tí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kò wọ inú ìṣirò. Menjo tí èèyàn bá béèrè lẹ́yìn ọjọ́ yẹn náà kò wọ̀ ọ́. Ìwé kan péré, tó kọ lọ́dọọdún, tí kò ná an ní kọ́bọ̀, ì bá ti fún un ní owó yẹn títí di òní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ fún ọmọ yìí pé kó ju ìwé nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò.

* * *

Ẹnì kan béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1982 tí mo mẹ́nu kàn. Ní kúkúrú: láti 1961 tí gbogbo ará Japan ti wà lábẹ́ hoken ìlera àti nenkin, òfin nenkin kọ ọ́ pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló wà fún. Àwọn ará Kòríà tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ń san owó orí níbí, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí Japan fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí àwọn olùwá-ibi-ìsádi, wọ́n yọ gbólóhùn ọmọ onílẹ̀ kúrò nínú òfin nenkin ní 1982, wọ́n yọ ọ́ nínú kokuho ní 1986. Ṣùgbọ́n wọn kò tún ti ẹ̀yìn ṣe. Àwọn tó ti lé ní 60 nígbà àtúnṣe 1986 àti àwọn aláàbọ̀ ara tó ti pé ọmọ ogún ọdún kí òfin tó yí padà, ìta ni wọ́n wà. Àwọn ìyá àgbà ará Kòríà tó ta irin àlòkù títí wọ́n fi kú wà nínú wọn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn lójú ló ṣí fún wa lónìí. Ó ń dùn mí tí a bá fi ẹsẹ̀ ara wa tì í padà.

* * *

Ó kan ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń dá padà fún ẹni tó ń lọ sílé, dattai ichijikin. Àwọn kan ní kí gbogbo ẹni tó ń lọ yára gbà á. Àwọn kan ní ìjà kò sí, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn méjèèjì yẹ kó kọ́kọ́ ka oṣù.

Ẹni tó ti san oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tó ti fi Japan sílẹ̀, lè béèrè láàárín ọdún méjì. Oṣù 60 ni wọ́n ń kà mọ, láti oṣù kẹrin 2021; 36 ni tẹ́lẹ̀. Nínú nenkin tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olówò ń san, ìdajì owó oṣù kọ̀ọ̀kan ló ń padà: fún oṣù 60 pẹ̀lú iye 2025, 525,300. Ti ẹni tó ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì, níbi tí ìdá 18.3 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ti ń lọ, tirẹ̀ ìdajì, ti ọ̀gá ìdajì, ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 250,000 fún ọdún márùn-ún, 1,375,000 ni. Wọ́n á yọ owó orí ìdá 20.42 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, 280,775. Owó orí yẹn ni èèyàn wa ń fi sílẹ̀ lọ! Yan ẹnì kan tó ń gbé Japan ní nōzei kanrinin kí o tó wọkọ̀ òfuurufú, kó bá ọ kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó orí láàárín ọdún márùn-ún. Nínú irú ọ̀ràn yìí, gbogbo rẹ̀ ló ń padà.

Àmọ́ tí o bá ti gba ichijikin, gbogbo oṣù rẹ ti parẹ́. Ẹni tó ti ṣe ọdún mẹ́jọ tó gba ti oṣù 60, ọdún mẹ́jọ náà ló lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà, Jámánì àti Kánádà ní àdéhùn pẹ̀lú Japan tó ń jẹ́ kí wọ́n da ọdún ìlú méjèèjì pọ̀. Nàìjíríà kò ní. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun lè padà wá, tó ti ṣe ọdún mẹ́fà tàbí méje, kó rò ó dáadáa kó tó fọwọ́ bọ̀wé. Ẹni tó ṣe ọdún méjì tó ń lọ pátápátá, kó gbà á, kò sí ẹjọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì. Arábìnrin kan kọ ọ́ pé wákàtí 29 àti ààbọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ òun, òun sì ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èèṣì. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wákàtí òṣìṣẹ́ gidi ni òfin fi ń mú ọ̀gá wọ shakai hoken, bíi 30 lọ́sẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá 2024, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 51 sókè gbọ́dọ̀ fi ẹni tó ń ṣe 20 wákàtí lọ́sẹ̀, tó ń gba 88,000 lóṣù ó kéré tán, sínú rẹ̀, bó ṣe wà ní 2025. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán kò sí nínú èyí. Ẹ ka iye èèyàn tó wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ kọ wákàtí yín sínú ìwé lójoojúmọ́.

Ẹni tó bọ́ sínú shakai hoken gbọ́dọ̀ lọ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú kokuho láàárín ọjọ́ 14. Má rò pé wọ́n á mọ̀ fúnra wọn. Mo mọ ẹni tó san méjèèjì fún oṣù mẹ́wàá. Ìyàwó tó wà lábẹ́ ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ńpìnnì kì í san nenkin, oṣù rẹ̀ ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ti tán, òun náà gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò mọ̀ títí àpò ìwé fi dé.

Ti físà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́, àbúrò: ẹni tó bá béèrè eijū, wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí nenkin àti hoken ọdún méjì wá, wọ́n á sì wò ó bóyá ó san án lásìkò. Sísan gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kò tó. Ilé aṣòfin wọn sì ti fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2024 pé wọ́n lè gba eijū lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san. Mọ̀ọ́mọ̀ ni wọ́n kọ. Ẹni tó ní ìwé menjo lọ́wọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀ kọ nǹkan kan.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá. Ó ní òun lọ lánàá, ilé ẹ̀kọ́ òun kò sí nínú àkọsílẹ̀, wọ́n gba fọ́ọ̀mù menjo lọ́wọ́ òun, wọ́n sì yọ ìdá 70 kúrò nínú owó kokuho lẹ́yìn tí òun kọ òdo. Inú mi dùn gan-an.

Ohun kan ṣì kù. O ní fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n fún ọ. Oṣù keje sí oṣù kẹfà ni ọdún menjo, oṣù kẹrin lo sì dé. Oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà rẹ wà nínú ọdún tó ṣáájú, fọ́ọ̀mù tiwọn yàtọ̀. Padà lọ gba èkejì, kọ Reiwa 6, ìyẹn 2024 nínú kàlẹ́ńdà Japan, sórí rẹ̀. Mú káàdì zairyū rẹ, káàdì ìgbélùú àlejò, àti nọ́ńbà nenkin rẹ dání, kí o sì ní kí wọ́n fún ọ ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Tọ́jú ẹ̀dà náà síbi tí omi kò ti ní kàn án.